Bí A Ṣe Ń Tọ Ipasẹ̀ Ìyá Ńlá Tó Gbé Èkó ní Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún

Nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹbí Èkó, ọkùnrin ló máa ń kọ́kọ́ hàn. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ilẹ̀, òun ni wọ́n fi sọ ẹbí lórúkọ, òun náà ni wọ́n sì ń kì nígbà tí òde bá ń lọ lọ́wọ́. Ìyá tó bí àwọn ọmọ náà kò sọnù, ṣùgbọ́n abẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ló wà. Ẹni tó bá ń wá obìnrin tó gbé Ìsàlẹ̀ Èkó, Ọlọ́wọ̀gbowó tàbí Ẹbúté Mẹ́ta láàárín ọdún 1840 sí 1900 yóò sábà rí i lára ọmọ rẹ̀, lára ilẹ̀ tó gbé, lára ẹni tó jẹ́rìí níbi ìgbéyàwó rẹ̀, tàbí nínú ẹjọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ara wọn ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Gbogbo orúkọ tí obìnrin náà jẹ́ láyé ni a kọ́kọ́ ń tò sílẹ̀. Ọmọ kan lè wá sáyé ní Àìná nítorí pé ìwọ́ lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, kí ìyá ìyá rẹ̀ máa kì í ní Àṣàkẹ́, kí àlùfáà sọ ọ́ di Sarah lọ́jọ́ ìrìbọmi, kí ó gba orúkọ ọkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo àdúgbò sì máa pè é ní Ìyá Jémíìsì títí ó fi kú. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìwé kọ̀ọ̀kan lè má mọ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tó di ìyàwó oníṣòwò Èkó nì, James Pinson Labulo Davies: nínú ìwé ìgbéyàwó wọn ní Brighton, ní oṣù kẹjọ ọdún 1862, Ina, ìyẹn Àìná, ni wọ́n kọ ṣáájú Sarah, ibẹ̀ sì ni orúkọ tí wọ́n fi bí i ti là. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ Yorùbá sílẹ̀ nígbà náà tún ń da ojú ọ̀nà rú. Ọdún 1875 ni CMS, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe ìpàdé sí Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa. Ṣáájú ìgbà náà, bí etí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ló ń kọ ọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí Ọba Dòsùnmú fi di Docemo nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí ti ọba bá rí bẹ́ẹ̀, ti ìyá olójà kan ní Fájì ńkọ́? Ó yẹ kí a máa ka orúkọ inú ìwé àtijọ́ sókè kí etí lè gbọ́ ọ, nítorí ojú nìkan yóò fò ó dá.

Àwọn àgbà ilé ló kàn. Olórí ẹbí mọ ìtàn ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ osú àti àwọn ìyàwó ilé tó ti pẹ́ ló mọ ìtàn àwọn ìyá, àwọn ni kò yẹ kí a kọjá láìbi léèrè. Oríkì tí wọ́n fi ń kí àwọn ọmọ obìnrin náà ṣe pàtàkì, torí oríkì orílẹ̀ ìyá lè yàtọ̀ pátápátá sí ti bàbá: bí ọmọ ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó bá ń gbọ́ “ọmọ Olówu” lẹ́nu ìyá àgbà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ogun tó tú Òwu ká ló gbé àwọn òbí ìyá ńlá náà dé etí òkun.

Àwọn àgbà kì í fi ọdún ka ìgbà. Ogun àti ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á. Ogun Olómirò jẹ́ ti 1845, Àgídìngbì, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, jẹ́ ti oṣù Kejìlá 1851, Ìfọ́lé, nígbà tí wọ́n kọlu àwọn onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta, jẹ́ ti 1867, ogun Ìmàgbọn jẹ́ ti 1892. Bí wọ́n bá ní ìyá ńlá pọn ọmọ sá kúrò nílé nígbà Àgídìngbì, ó ti di abiyamọ kí 1851 tó parí, kò sì jọ pé wọ́n bí i lẹ́yìn 1836. Ìwé ìsìnkú tó bá wá sọ pé ọmọ ogójì ọdún ni nígbà tó kú ní 1890 lè má jẹ́ tirẹ̀ rárá, tàbí kó jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kàn fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tó sì wọ́pọ̀ gan-an nìyẹn.

Ibi tí àṣà Èkó ti pa orúkọ ìyá mọ́ jù lọ ni ogún pínpín. Bí ọkùnrin bá kú láìṣe ìwé ìpínogún tí àwọn èèyàn ń pè ní wíìlì, ìdí igi ni wọ́n sábà ń fi pín ohun tó fi sílẹ̀: iye ìyàwó tó bímọ fún un ni iye ọ̀nà tí ogún náà yóò pín sí, ìbáà jẹ́ pé ìyá kan bí ọmọ kan péré tí èkejì sì bí mẹ́fà. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé, tó ti Èkó dé iwájú Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, olóògbé náà ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, ibi tí wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà sí ni pé ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in. Nítorí èyí, ẹbí tó bá ní ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìyá kankan, torí ìpín àwọn ọmọ rẹ̀ so mọ́ orúkọ rẹ̀. Ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ dára jù ìtàn ẹnu lọ ní ìhà kan: ẹlẹ́rìí á búra, wọ́n á bi í léèrè ẹni tó bí ẹni, akọ̀wé á sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé, ní nǹkan bí 1908, lórí ilé Mábínúorí tó kú ní 1874, ilé ẹjọ́ gbà pé ọmọ tó dàgbà jù lè jẹ́ olórí ẹbí bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ẹni tó ń jẹ́rìí ń wá ìpín tirẹ̀, ó sì lè fi ìyá kan pamọ́ kí ọ̀nà ogún lè dín.

Fún ẹbí onígbàgbọ́, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pá kùtẹ̀lẹ̀. St. Peter’s ní Fájì ti wà láti 1853, St. Paul’s Breadfruit, Christ Church ní Marina, ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ní Tinúbú àti Holy Cross ti àwọn Kátólíìkì náà ní ìtàn tó jìn. Ìwé ìrìbọmi ti àwọn Áńgílíkà ní àyè fún ọjọ́, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ bàbá àti orúkọ àlùfáà. Ìwé ìgbéyàwó kò rí bẹ́ẹ̀: bàbá ìyàwó àti iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyá ìyàwó kò sí. Nítorí náà, ẹni tó bá gbára lé ìwé ìgbéyàwó nìkan á rí bàbá, á sì pàdánù ìyá. Ohun tó dára jù ni kí a wá ìrìbọmi gbogbo ọmọ tí obìnrin náà bí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Bí ó ṣe ń kó láti àdúgbò kan sí òmíràn á hàn. Àlàfo ọdún mẹ́fà láàárín ọmọ méjì á mú kí a yẹ ìwé ìsìnkú wò bóyá ọmọ kan kú níbẹ̀. Àwọn tó dúró bí òbí ìrìbọmi sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá. Níbi tí ìyàwó bá ti fi àmì X sí ìwé dípò orúkọ, àwọn ẹlẹ́rìí tó kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀ ni kí a tẹ̀ lé. Ní Ẹbúté Mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ẹbí jẹ́ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá tí Ìfọ́lé lé wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ṣáájú 1867, Abẹ́òkúta ni kí a ti wá a.

Tí ìyá ńlá bá jẹ́ Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wá, ọ̀nà náà kọjá sí Freetown níbẹ̀. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú ni wọ́n kọ sínú ìwé níbẹ̀: orúkọ tí wọ́n bá a lọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, gíga, àti àmì tàbí ilà ara. Orúkọ tó lé ní 90,000 ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ti Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá, ní Pópó Àgùdà, Bàhíà ní Brazil ni. Ìwé òmìnira àti ìwé ìrìnnà wà ní ilé àkọsílẹ̀ Salvador, Nagô ni wọ́n sì ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ Yorùbá. Níbi méjèèjì, orúkọ nìkan kò tó láti fi sọ pé ẹni wa nìyí. Àìná pọ̀.

Fún ẹbí Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ilẹ̀ ni ọ̀nà. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní oṣù kẹjọ 1861, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn onílé ní Crown Grant, ìyẹn ìwé ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí, àwọn obìnrin kan sì gba tiwọn lórúkọ ara wọn. Òfin kíkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ti wà ní Erékùṣù Èkó láti 1863, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kò lọ kọ ọ́. Ìwé ìròyìn bí Lagos Observer, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1882, àti Lagos Weekly Record, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1891, ń kéde òkú àwọn gbajúmọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba àti ti CMS sì wà ní National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Sàréè kò lè ràn wá lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ, torí wọ́n ti wó ibi ìsìnkú Àjẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ohun tó dunni gidigidi fún ìtàn ìlú yìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ilé kì í fẹ́ sọ: àwọn ìyá ńlá kan jẹ́ ẹrú tí wọ́n rà wá. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè máa jẹ́ oríkì olówó rẹ̀, kí ipasẹ̀ rẹ̀ sì dúró lójijì ní Èkó láìní ìlú, láìní òbí. Tí àgbà bá ń fi ọ̀rọ̀ ìlú ìyá kan falẹ̀, kí a má fi dandan mú un, kí a má sì fi ìlú tí kò ní ẹ̀rí dí àyè náà. Kí a kọ ọ́ pé Èkó ni a ti kọ́kọ́ rí i, kí a kọ ọdún náà, kí a sì fi orúkọ ẹni tó sọ ọ́ tàbí ìwé tó ti wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá tún ń bá iṣẹ́ náà lọ lè mọ ibi tí òun ó ti bẹ̀rẹ̀.