Kí ni torrent gan-an, kí ló dé tí kóòtù ò rí i pa?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi torrent wa fíìmù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀, wọ́n á máa họrí. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ Napster mú un.

1999 ni Shawn Fanning gbé Napster jáde l'Amẹ́ríkà. Orin kankan ò sí lọ́wọ́ Napster o, inú kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn lorin wà, òun kàn ní àkọsílẹ̀ ẹni tó ní kiní, tóo bá wá orin á ní ó wà lọ́dọ̀ lágbájá, ìwọ àti lágbájá á wá yanjú ẹ̀ láàárín ara yín. Alárenà ni. Àwọn iléeṣẹ́ orin gbé e lọ kóòtù, kóòtù ní alárenà tó mọ̀ pé ẹrù olẹ́rù ni wọ́n ń gbé ò lè ní ọwọ́ òun mọ́, nígbà tó fi máa di July 2001 ó ti kógbá sílé.

Grokster, ètò kọ̀ǹpútà míì tí wọ́n fi ń pín fáìlì, ní tiẹ̀ ò tọ́jú àkọsílẹ̀ rárá. Wọ́n kọ́kọ́ dá a láre, àfìgbà tó di 2005 tí kóòtù tó ga jù l'Amẹ́ríkà ní, ẹ̀yin lẹ ń ti àwọn èèyàn sí gbígbé ẹrù olẹ́rù, ẹ̀bi yín ni.

Torrent ní tiẹ̀, iṣẹ́ Bram Cohen ni, láti 2001 ló ti wà. Ó máa ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, ègé tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìwọ náà ti ń pín in fún ẹlòmíì nìyẹn, kódà kí tìẹ ò tíì pé. Ègé kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tiẹ̀, èyí tí àmì ẹ̀ ò bá bára mu, kọ̀ǹpútà á dà á nù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn fúnra ẹ̀ ṣá o, bí wọ́n ṣe ń pín Linux náà nìyẹn, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà.

Àwọn The Pirate Bay, sáìtì kan ní Sweden tí àwọn èèyàn ti ń wá torrent, ló fi kó sí wàhálà. Ọlọ́pàá kó sáfà wọn lọ ní May 2006, ọjọ́ mẹ́ta péré ó ti padà dé! Lọ́dún 2009 kóòtù ní kí èèyàn mẹ́rin lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, kí wọ́n tún san mílíọ̀nù 30 kronor (owó Sweden), nígbà tí wọ́n pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹ̀wọ̀n dín kù ṣùgbọ́n owó di mílíọ̀nù 46. Sáìtì ń ṣiṣẹ́ lọ ní tiẹ̀. Nígbà tó di 2012 wọn ò tiẹ̀ tọ́jú fáìlì torrent, ìyẹn fáìlì kékeré tí àmì àwọn ègé wà nínú ẹ̀, mọ́, magnet ni wọ́n ń lò, àmì kan tí kọ̀ǹpútà á fi wá fáìlì náà lọ́dọ̀ àwọn tó ní in, lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 péré, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ sórí bébà kó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀.