Kọ́ńsólù fún Ìjàpá: irin àárín ilẹ̀ ló ń pàṣẹ

Èrò kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe máa ń gbé lọ bá káfíńtà: pé kọ́ńsólù, ohun tí wọ́n ń gbé sáàárín àga iwájú méjèèjì, kò ju àpótí lọ, pé kó kan pákó mélòó kan pọ̀, kó fi awọ bò ó, kó sì fi síkírù dè é mọ́ àárín ilẹ̀ ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ó lè má burú. Nínú Volkswagen Beetle, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, síkírù kan ṣoṣo lè jẹ́ kí epo bẹntiróòlù máa jò lábẹ́ ìdí awakọ̀.

Bí wọ́n ṣe to Ìjàpá ló fà á. Ẹ̀yìn ni ẹnjíìnì wà, iwájú ni táǹkì epo wà, awakọ̀ sì jókòó sáàárín. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń ti iwájú lọ sẹ́yìn ní láti gba ibì kan kọjá, ibẹ̀ náà sì ni irin tó ga gẹ̀gẹ̀rẹ̀ láàárín ilẹ̀ ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́nẹ̀lì. Ọ̀pá gíà wà nínú rẹ̀. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, àti wáyà tọ́rótù, àti ti bíréèkì ọwọ́, àti èyí tó ń ṣí afẹ́fẹ́ gbígbóná. Páìpù epo, irin tín-ín-rín kan báyìí, gba inú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ táǹkì dé ọ̀dọ̀ ẹnjíìnì. Tọ́nẹ̀lì yìí kan náà ló tún ń mú kí ilẹ̀ ọkọ̀ le. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka èyí sí: irin tó gbé ọkọ̀ ró ló tún bo àwọn wáyà rẹ̀, tí ẹrẹ̀ àti òkúta kò fi lè dé ibẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò hàn síta. Ẹni tó bá gbé díríìlì lé e lórí kò mọ ohun tí ẹnu díríìlì náà máa bá pàdé. Bó bá gún páìpù epo, inú tọ́nẹ̀lì ni epo á máa jò sí, òórùn nìkan ni yóò sì tú àṣírí rẹ̀. Bó bá gún ọ̀pá oníhò tí wáyà kílọ́ọ̀ṣì ń gbà, wáyà náà á máa fara ha síkírù nígbàkigbà tí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, títí ọjọ́ tí yóò fi já.

Ìdí nìyẹn tí kọ́ńsólù tó dára nínú Ìjàpá fi máa ń gun tọ́nẹ̀lì láìlu ihò kankan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì á sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀, á gbá irin náà mú lọ́tùn-ún lósì. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀ àti Velcro, aṣọ tó ń lẹ mọ́ra tó sì ṣeé ká, lára kápẹ́ẹ̀tì ti tó láti mú un dúró, bí ìwọ̀n bá ṣe rẹ́gí. Ìwọ̀n yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Pákó gígé àti awọ lílẹ̀, ẹni tó bá ń ṣe àga ọkọ̀ lè ṣe wọ́n lọ́sàn-án kan.

Páálí la fi ń wọ̀n ọ́n. A ó gbé páálí dúró ní ìdábùú tọ́nẹ̀lì, a ó lẹ bírò mọ́ igi kékeré kan, a ó sì máa wọ́ igi náà lọ lára irin láti ìsàlẹ̀ dé òkè, títí yóò fi bọ́ sí òdì kejì. Ìlà tí bírò bá fà sára páálí ni ìrísí irin náà. Ibi mẹ́ta ló yẹ ká ti ṣe é, nítorí tọ́nẹ̀lì kò rí bákan náà láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í wọn oníbàárà lórí ìdúró nìkan. Á ní kó gbé apá sókè, kó tẹ̀ríba, kó jókòó, nítorí bùbá tó ṣe rẹ́gí lára ẹni tó dúró lè ya lábẹ́ abíyá bó bá nawọ́. Ìjàpá náà ní apá tó ń gbé: ọwọ́ gíà, ọwọ́ bíréèkì, àga méjèèjì tó ń sún síwájú sẹ́yìn, àti, láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 1965, ọ̀pá kékeré méjì fún afẹ́fẹ́ gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì. Ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ níwájú káfíńtà ló ń tàn án jẹ.

Ọwọ́ gíà ló ń dójú ti àwọn káfíńtà jù. Gíà kìíní àti ìkejì wà lósì, ìkẹta àti ìkẹrin wà lọ́tùn-ún. Ẹni tó bá dán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lórí páálí á rò pé òun ti parí. Ṣùgbọ́n láti wọ rìfáàsì, awakọ̀ Ìjàpá ní láti tẹ ọwọ́ gíà náà mọ́lẹ̀ ná, kó tó tì í sósì, kó wá fà á sẹ́yìn. Bí ihò kọ́ńsólù bá há jù, tàbí bí awọ tó yí ìdí ọwọ́ gíà ká bá le jù, kò ní lè sọ̀ kalẹ̀, rìfáàsì kò sì ní wọlé. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki pákó tàbí irin sábẹ́ ìdí ọwọ́ gíà nítorí pé ó rí bóòtì méjì tí sípánà 13 ń tú níbẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá ga sí i, ẹnu rẹ̀ kò ní wọnú ọ̀pá gíà dáadáa mọ́.

Bíréèkì ọwọ́ ní ọ̀ràn tirẹ̀. Táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń fún wáyà méjèèjì sì wà ní ìdí ọwọ́ bíréèkì, nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Kọ́ńsólù tó bá bò wọ́n mọ́lẹ̀ pátápátá ti di ọ̀tá ọkọ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó, nítorí mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó nọ́ọ̀tì kò ní fún bíréèkì.

Plywood mìlímítà 9 tó. MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe, máa ń mu omi, ó sì máa ń wú, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Ìjàpá tí rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gbó kì í pẹ́ rí òjò. Kí a tó gé e, ká ti yọ ipò awọ sílẹ̀: fóòmù mìlímítà 3 pẹ̀lú awọ mìlímítà 1 ti gba 4 lójú kan, nítorí náà ihò tí a fi awọ bò lọ́tùn-ún lósì ti pàdánù 8.

Ó ku iná. Ìjàpá àwọn ọdún 1950 sí nǹkan ń lo iná fóòtì (volt) 6, sọ́kẹ́ẹ̀tì fóònù tí wọ́n ń fi sínú kọ́ńsólù sì ń fẹ́ 12. Èyí tí Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó ní 1975 kò ní ìṣòro yẹn. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà, wáyà kò sì ní rìn jìnnà. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni fíúsì gbọ́dọ̀ wà, nítorí tó bá jẹ́ ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi í sí, gbogbo wáyà tó ti ẹ̀yìn wá kò ní ohun tó ń ṣọ́ ọ. Kí wáyà náà sì ní ibi tí a ti lè fọwọ́ yọ ọ́ sí méjì, kí mẹkáníìkì lè gbé kọ́ńsólù kúrò láìgé ohunkóhun: kó fa ọwọ́ bíréèkì sókè, kó ká Velcro, kó yọ wáyà, kó gbé e síta, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.