Ẹkún Kọ́ Ló Ń Gba Gráǹtì fún Akàndá Ẹ̀dá

Irú ìwé ìbéèrè gráǹtì kan wà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwa ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún akàndá ẹ̀dá. Gráǹtì ni owó tí àjọ kan ń fún ẹgbẹ́ láti fi ṣiṣẹ́. Ojú ewé márùn-ún ni. Àwòrán ọmọ tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ló wà níwájú, ìyá rẹ̀ tó ń sunkún tẹ̀ lé e, ìtàn bí bàbá ọmọ ṣe sá lọ gba ojú ewé méjì gbáko. Ìsàlẹ̀ ewé karùn-ún lẹ máa tó rí owó: "A nílò ₦5,000,000 láti fi ran àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́wọ́." Ó parí. Àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe oníjìbìtì. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣiṣẹ́ ribiribi lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé àánú ló ń mú kí wọ́n fún èèyàn ní gráǹtì, pé bí ojú bá ṣe pọ́nni tó ni owó ṣe máa pọ̀ tó. Ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ló ń dá ìwé wọn padà.

Saara la máa ń fi àánú ṣe. Ẹni tó ṣe saara kì í padà wá béèrè ohun tí ẹ fi ra. Gráǹtì ò rí bẹ́ẹ̀, àdéhùn ni: ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, àwọn tí ẹ máa ṣe é fún, ìgbà tó máa parí àti iye tó máa ná yín, àwọn tó ń fúnni lówó á máa san án ní ìdá-ìdá, ẹ ó sì máa jíhìn. Ẹni tó ń ka ìwé yín kọ́ ló sì lowó. Òṣìṣẹ́ ni. Ó ní ọ̀gá tó máa bi í léèrè ìdí tó fi mú tiyín láàárín ti àwọn yòókù, ó sì níwèé tó fi ń fún yín ní máàkì: máàkì fún ètò iṣẹ́, fún ìṣúná, fún bí àwọn akàndá ẹ̀dá ṣe ń kópa nínú ẹgbẹ́ náà. Kò sí àyè tí wọ́n ti ń fún omijé ní máàkì.

Òfin pàápàá ti kúrò nídìí àánú. Òfin tó ka ìyànjẹ akàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n pè ní ti 2018 tí Ààrẹ Buhari sì buwọ́ lù ní January 2019, sọ ní abala 16 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó akàndá ẹ̀dá kiri ìgboro láti fi tọrọ owó. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí méjèèjì. A ò sọ pé agbe ni ìwé gráǹtì o, àmọ́ àwòrán ọmọ tí wọ́n bọ́ṣọ lára rẹ̀ kí ó lè ṣeni láàánú, òun àti agbe ò jìnnà síra. Lábẹ́ òfin ààbò dátà ti 2023 sì rèé, ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn wà lára ìsọfúnni tó gba ìṣọ́ra jù. Bí ẹ bá máa lo àwòrán ọmọ, kí òbí rẹ̀ mọ ibi tí àwòrán náà ń lọ kó tó fọwọ́ sí i.

Kí lẹ máa wá fi dípò ẹkún? Iye èèyàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi síbẹ̀. "Akàndá ẹ̀dá pọ̀ ní agbègbè wa" kì í ṣe iye. Bí ẹ bá sì lọ ń kanlẹ̀kùn pé "ṣé ẹ ní abirùn nílé?", bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa sọ, ọmọ á sì wà nínú yàrá lẹ́yìn. Ìbéèrè mẹ́fà kan wà tí Washington Group, ẹgbẹ́ onímọ̀ ìṣirò lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN), ṣe, tí kò dárúkọ àìlera rárá: ojú, etí, ìrìn, ìrántí, wíwẹ̀ àti wíwọṣọ fúnra ẹni, pẹ̀lú bí èèyàn ṣe ń gbọ́ra ẹni yé. "Ṣé ìyá máa ń níṣòro láti ríran, kódà bí wọ́n bá lo awò ojú?" Ìdáhùn mẹ́rin ló wà: kò sí ìṣòro, ìṣòro díẹ̀, ìṣòro púpọ̀, kò lè ṣe é rárá. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá wà láti ìkẹta lọ lẹ máa kà mọ́ akàndá ẹ̀dá. Fún ọmọdé, ẹ má lo mẹ́fà yìí, torí kò sí ọmọ ọdún méjì tó ń dá wẹ̀. Ti ọmọdé wà lọ́tọ̀, UNICEF ló bá wọn ṣe é, fún ọmọ ọdún 2 sí 17.

Ibi tí ìgbàgbọ́ òdì yìí ti ń ṣe wá lọ́ṣẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tọ́jú akàndá ẹ̀dá. Ẹni tó bá rò pé àánú lòun ń tọrọ, ojú máa ń tì í láti kọ owó ọkọ̀ ìyá ọmọ sínú ìṣúná. Á rò pé wọ́n á ní ojúkòkòrò ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ìtìjú yẹn ń jẹ. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún òbí ọmọ ọdún 2 sí 9 tí ìdàgbàsókè wọn ń falẹ̀: ìpàdé mẹ́sàn-án àti àbẹ̀wò mẹ́ta sílé. Ká ní òbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ fẹ́ kọ́. Ìrìn àjò 135 nìyẹn. Ẹ wá fi ₦1,500 sí i fún àlọ àti àbọ̀ danfó, ó di ₦202,500, ó sì dára lójú ìwé. Àmọ́ ta ló fẹ́ gbé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ọrùn rẹ̀ ò dúró, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, wọ danfó? Kọ́ńdọ́ kò ní dúró dè é, òmíràn á ní kó sanwó ìjókòó méjì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló máa dá gbà. Bí ìyẹn bá jẹ́ ₦4,000 lọ-bọ̀, owó ọkọ̀ di ₦540,000. ₦337,500 tí ẹ tijú láti kọ yẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n wá mọ́ ní ìpàdé kẹrin, ẹ ó sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé "àwọn òbí ò fọwọ́ gidi mú un."

Àbẹ̀wò ilé náà ní ìṣirò tirẹ̀. Òbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́ta jẹ́ àbẹ̀wò 45. Bí olùkọ́ bá lè dé ilé mẹ́ta lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n á fi ọwọ́ òsì ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ẹni méjì tó máa mójú tó àwọn ọmọ nígbà ìpàdé kún un, torí ìyá tó ń fún ọmọ lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ kó má baà há a lọ́fun ò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Bí òbí kan bá jẹ́ adití, ògbufọ̀ èdè adití méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan: wọ́n máa ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, torí ọpọlọ àti apá máa ń rẹ ẹni tó ń dá a ṣe, ìtumọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹ kọ ìdí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó. Gbogbo ìwọ̀nyí kì í ṣe àpọ̀jù. Ẹni tó ń ka ìwé gan-an ló máa wò ó pé ẹ mọ iṣẹ́ yín.

Bákan náà ni kẹ̀kẹ́ arọ, bí ìgboro ṣe ń pè é. Àánú ló ń mú kí èèyàn kọ "ogún kẹ̀kẹ́" kó sì pín in lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2008 ní ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, láti orí ìforúkọsílẹ̀ àti àyẹ̀wò ara títí dé ìwọ̀n, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àtúnṣe. Fífún èèyàn ní kẹ̀kẹ́ kò tó ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bà jẹ́ kì í mọ̀ ọ́n lára bí egungun ìdí bá ń tẹ ẹran mọ́ ìjókòó. Ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá níbẹ̀, ẹran á kú, egbò á là, egbò yẹn sì lè pa èèyàn. Tìmùtìmù tó yẹ ló ń dènà rẹ̀, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kúrò nínú ìṣúná kí iye kẹ̀kẹ́ lè pọ̀. Bí ìjókòó bá fẹ̀ ju ìbàdí lọ, ara á ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn ọmọ á wọ́. Kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá tó bára mu, pẹ̀lú tìmùtìmù, tọ́ọ̀bù àfikún tí fọganáísà àdúgbò lè lẹ̀, àti owó àbẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lágbára lórí ìwé ju ogún lọ.

Ìbéèrè kan tún wà tí àánú ò lè dáhùn: ta ló ń darí ẹgbẹ́ yín? Ìgbìmọ̀ UN tó ń rí sí àdéhùn ẹ̀tọ́ akàndá ẹ̀dá, àdéhùn tí Nàìjíríà fọwọ́ sí pátápátá lọ́dún 2010, ti là á sílẹ̀ ní 2018 pé ẹgbẹ́ àwọn akàndá ẹ̀dá fúnra wọn yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Disability Rights Fund, àjọ kan tó ń fúnni ní gráǹtì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, irú ti àkọ́kọ́ ló ń fún lówó. Ẹgbẹ́ òbí àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ọpọlọ ní àyè tiwọn nínú àlàyé yẹn, bí wọ́n bá ń jẹ́ kí ohùn àwọn ọmọ náà jáde. Tó bá jẹ́ pé kò sí akàndá ẹ̀dá kankan lára àwọn tó ń ṣèpinnu lọ́dọ̀ yín, ẹ yan wọn sípò kẹ́ ẹ tó kọ̀wé, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí àyè ìbéèrè máa parí.

Ní ti ìwé ìjọba, CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lẹ máa lọ bá, lábẹ́ Apá F òfin CAMA 2020 tó ń darí wọn. Ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì wà níbẹ̀ àti ọjọ́ 28 fún ẹni tó bá fẹ́ ta kò yín, torí náà ẹ má retí pé ọ̀sẹ̀ kan á tó. Báǹkì á tún béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífi owó ìwà ọ̀daràn pamọ́. Bí ọjọ́ ò bá dúró dè yín, ẹ wá ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ tó máa gba owó náà lórúkọ yín, kẹ́ ẹ kọ àdéhùn iye tó máa yọ fún iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ san "owó fọ́ọ̀mù" kí gráǹtì lè jáde, ẹ má dá a lóhùn.

Ìdá kejì owó kì í jáde bí ìdá kìíní ò bá níwèé ẹ̀rí, kẹ̀kẹ́ Márúwá ò sì ní rìsíìtì. Ẹ fa ìlà sórí ìwé: orúkọ, ọjọ́, ibi tó ti wá, iye owó, àyè ìbuwọ́lùwé tàbí ìtẹ̀ka, àti páàdì íǹkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti gbà á, bí wọ́n ṣe ń wọlé. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ìpàdé tú, ọmọ ti ń ké, oníkẹ̀kẹ́ ti ń fọn fèrè, ìdajì àwọn ìyá á ti lọ.