Iyọ̀ Kọ́ Ló Ń Di Aró Mú: Àdìrẹ Oníko Nínú Kíláàsì JSS

Tí àwọn ọmọ JSS 2 bá ṣe àdìrẹ oníko tán, tí omi ìfọ̀ àkọ́kọ́ sì dúdú bí ẹ̀lú, ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ ni pé kí wọ́n lọ mú iyọ̀ wá. Wọ́n á da ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ sómi, wọ́n á rẹ aṣọ sí i di ọjọ́ kejì, wọ́n á ní aró ti dúró. Kò dúró. Nígbà tó bá di ìfọ̀ kẹta, hánkáṣíìfù tí ọmọ fi gba máàkì ti ṣá, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fọ̀ mọ́ ọn sì ti di búlúù.

Ìgbàgbọ́ yìí ní orírun. Àwọn aró kan wà tí iyọ̀ ń bá ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú omi aró gan-an ni wọ́n ń da iyọ̀ sí, nígbà tí aṣọ ṣì wà níbẹ̀. Iyọ̀ á lé aró kúrò nínú omi lọ sára òwú. Kì í so ó mọ́ ọn. Ohun mìíràn tó ń tan èèyàn ni pé aró tí kò dì máa ń lọ́ra láti tú jáde nínú omi iyọ̀. Omi á dà bí èyí tó mọ́, títí wọ́n á fi fọ aṣọ náà lómi lásán.

Ọ̀nà mìíràn ni aró oníyẹ̀fun irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ń gbà. Kì í yọ́ nínú omi. Kọ́sítíìkì sódà àti hydros (ìyẹ̀fun kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní sodium hydrosulphite) ló ń sọ ọ́ di ohun tó lè wọ inú òwú. Tí atẹ́gùn bá wá kàn án, á padà di aró tí kì í yọ́, inú òwú ló sì há sí. Atẹ́gùn ló ń dì í.

Fún ọmọ 36, aṣọ funfun tẹ́rù yáàdì 5 tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 45 tó: ẹ gé e ní ínṣì 15 sí 15. Ẹ dáná sun fọ́nrán kan. Tó bá jó bíi bébà tó di eérú, òwú ni. Tó bá yọ́ tó di kókó líle, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ sítáàṣì ara rẹ̀ kúrò, torí ó ń dí aró lọ́nà. Kí àwọn ọmọ fi iko di ẹ̀wà tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kó le dáadáa. Ìdì tó bá dẹ̀, aró á wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ọnà á sì pòórá.

Olùkọ́ nìkan ni kó fọwọ́ kan sódà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, níta gbangba. Omi tútù ife kan ni kó kọ́kọ́ wà nínú ike, kó wá da ṣíbí ìjẹun 2 sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé sódà lórí, ó lè hó ta sí i lójú. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, sódà á jẹ ẹ́. Kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ po aró ṣíbí 2, kó da méjèèjì sínú omi lítà 10 tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó, kó wọ́n hydros ṣíbí 4 lé e, kó rò ó jẹ́jẹ́, kó bò ó fún ìṣẹ́jú 15.

Hydros gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ kíláàsì láàmú. Èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láti táàmù tó kọjá, tó ti dì pọ̀, agbára rẹ̀ ti lọ. Aró á kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ ni. Ike tó dé pinpin, tó gbẹ, ni kó máa wà, nítorí ó lè gbiná fúnra rẹ̀ tí ọ̀rinrin bá kàn án.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi rẹ aṣọ, kó wà lábẹ́ aró fún ìṣẹ́jú 20 láìgbé e sókè-sódò. Lẹ́yìn náà ẹ fún un, ẹ tú u, ẹ sá a síbi òjìji fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibi tí wọ́n ti ń kánjú nìyí, torí píríọ́ọ̀dù ìṣẹ́jú 40 kò gbà á. Ẹ di aṣọ lọ́jọ́ kan, kí ẹ rẹ ẹ́ láró lọ́jọ́ kejì, ní píríọ́ọ̀dù tó ṣáájú ìsinmi ọ̀sán, kí atẹ́gùn lè ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jẹun.

Ẹ wá fi omi tútù ṣan án títí omi á fi mọ́, kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Èyí tó bá ṣì ń ṣí, omi aró tuntun tó ní hydros tuntun ni kó padà sí.