Fíìmù dúdú-àti-funfun ní Èkìtì

Fíìmù dúdú-àti-funfun ni fíìmù tí àwòrán rẹ̀ kò ní àwọ̀ ju dúdú, funfun àti oríṣiríṣi àwọ̀ eérú tó wà láàárín méjèèjì. Láti ọdún 1895, nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière, ará Faransé, fi àwòrán tó ń rìn han àwọn tó sanwó wọlé ní Paris, títí di àárín ọ̀rúndún ogún, irú fíìmù yìí ló pọ̀ jù lágbàáyé. Ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, kì í ṣe gbọ̀ngàn sinimá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ọkọ̀ ìjọba ló kọ́kọ́ gbé e gun àwọn òkè yẹn, tẹlifíṣọ̀n gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀, fóònù ni ọ̀pọ̀ sì fi ń wò ó báyìí.

Ọkọ̀ sinimá

Oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni fíìmù kọ́kọ́ di wíwò ní Nàìjíríà, ní Glover Memorial Hall ní Èkó. Ó pẹ́ gan-an kó tó dé ìgbèríko. Ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní London. William Sellers, tó ti ń fi fíìmù kọ́ àwọn ará Nàìjíríà nípa ìlera ṣáájú ìgbà náà, wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò ru jẹnẹrétọ̀, aṣọ funfun, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti fíìmù oní-mìlímítà 16. Ìlú tí kò ní iná mànàmáná kankan lè tipa bẹ́ẹ̀ wo sinimá ní pápá gbalasa bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ògbufọ̀ kan máa ń di gbohùngbohùn mú, a sì máa fi èdè àwọn aráàlú ṣàlàyé ohun tó ń lọ.

Sellers gbà pé ojú ará Áfíríkà kò lè tètè bá àwòrán tó ń yára yí padà lọ, ó sì ní kí fíìmù tí wọ́n bá ṣe fún wọn máa lọ díẹ̀díẹ̀, kí ó má ní ọgbọ́n kámẹ́rà kankan. Àwọn onímọ̀ ti ta ko èrò yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ àlọ́ Ìjàpá dàgbà, tí Ìjàpá ń ti ilé àna bọ́ sí ọ̀run nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, kò nílò kí ẹnikẹ́ni fà á lọ́wọ́ láti àwòrán kan dé èkejì.

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn fíìmù ìgbà náà tí wọ́n yà ní Nàìjíríà ni Daybreak in Udi (1949), nípa bí àwọn ará Údi ní ìlà oòrùn ṣe fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Ó gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù tó dá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ gidi.

Àwọn òṣèré

Charlie Chaplin (1889–1977) ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Bàtà ńlá, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìrìn rẹ̀ kò nílò ògbufọ̀. Nínú The Gold Rush (1925), ebi pa á débi pé ó se bàtà rẹ̀ jẹ. Fíìmù ti ń sọ̀rọ̀ láti 1927, síbẹ̀ Chaplin kọ̀ láti jẹ́ kí aláìnílé tó máa ń ṣe sọ̀rọ̀: nínú Modern Times (1936), orin tí kò nítumọ̀ nìkan ni a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Fún òǹwòran Yorùbá, Orlando Martins (1899–1985) ló yẹ kí a dúró tì pẹ́. Èkó ni wọ́n bí i sí. Ó dé London lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì ja ìjàkadì lábẹ́ orúkọ Black Butcher Johnson kí iṣẹ́ eré tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún un. Ó wà nínú Sanders of the River (1935) pẹ̀lú Paul Robeson, akọrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Nàìjíríà ni wọ́n fi ìtàn fíìmù náà sí, Jomo Kenyatta tó di ààrẹ Kẹ́ńyà lẹ́yìn náà sì wà láàárín àwọn èrò inú rẹ̀. Robeson kábàámọ̀ fíìmù yìí nígbà tó rí i pé ńṣe ni ó ń gbé ìjọba amúnisìn lárugẹ. Iṣẹ́ tó dára jù tí Martins ṣe nínú dúdú-àti-funfun ni Blossom, sójà aláwọ̀ dúdú inú The Hasty Heart (1949), níbi tó ti bá Ronald Reagan ṣeré. Blossom kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ojú àti ẹ̀rín rẹ̀ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Sidney Poitier náà yẹ ní dídárúkọ: dókítà ló jẹ́ nínú No Way Out (1950), Lilies of the Field (1963) sì sọ ọ́ di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar olórí òṣèrékùnrin. Nínú Casablanca (1942), tí Humphrey Bogart àti Ingrid Bergman jẹ́ olórí eré rẹ̀, Dooley Wilson ló ṣe Sam atẹdùrù. Onílù ni Wilson ní tòótọ́. Kò mọ dùrù tẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n àti Òkèmẹ̀sí

WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ kò ní àwọ̀. Ibẹ̀ ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní àwọn ọdún 1960. Ní 1968 ni The Village Headmaster, eré orí tẹlifíṣọ̀n, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, pẹ̀lú Dejumo Lewis gẹ́gẹ́ bí Kábíyèsí àti Funso Adeolu gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́yinmi.

Ìlú Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tí a mọ̀ mọ́ Fábùnmi akọgun Èkìtìparapọ̀, ló bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, òṣèré orí ìtàgé, ní 1925. Ọ̀mùtí, eré tó gbé jáde ní 1963 láti inú ìwé Amos Tutùọlá, ni iṣẹ́ rẹ̀ tó lókìkí jù. Ó kú ní 1973, ọdún mẹ́ta ṣáájú Àjàní Ògún, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Aláwọ̀ sì ni fíìmù yẹn, nítorí náà sinimá Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìgbà dúdú-àti-funfun tirẹ̀. Orí ìtàgé àti tẹlifíṣọ̀n ni ìgbà náà wà. Jimoh Aliu (Àwòrò), tí òun náà jẹ́ ọmọ Òkèmẹ̀sí, bá ìgbà aláwọ̀ pàdé pẹ̀lú Àrélù lórí tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún 1980.

Bí a ṣe ń wò ó

Fíìmù tí wọ́n ń fi sínú kámẹ́rà ní ìbẹ̀rẹ̀ kò rí àwọ̀ pupa: ètè tí a kùn ní pupa máa ń dúdú kirikiri, ojú ọ̀run sì máa ń funfun báláú. Ìdí nìyí tí àwọn òṣèré ìgbà náà fi ń kun ojú lọ́nà tó lè ṣe wá ní kàyéfì. Ara aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi ń díwọ̀n iná, nítorí náà òkùnkùn sábà máa ń gbé ojú òṣèré aláwọ̀ dúdú mì. Ẹni tó bá ń wo Martins tàbí Robeson lórí fóònù yóò ríran dáadáa bó bá kúrò nínú oòrùn, tó sì fi kún ìmọ́lẹ̀ fóònù rẹ̀.

Àwòrán bíi 16 sí 20 ni ọ̀pọ̀ fíìmù aláìlóhùn ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí fíìmù olóhùn ń lo 24. Bí wọ́n bá fi eré 24 gbé ti àtijọ́ jáde, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ á máa sáré gìdìgìdì. Ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe dáadáa kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló sì yẹ ní wíwá.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀tọ́ oníǹkan ti kúrò lórí àwọn fíìmù tó jáde ní 1928 àti ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive àti YouTube. Night of the Living Dead (1968) náà di ọ̀fẹ́ ní tirẹ̀ nítorí pé àwọn tó pín in gbàgbé láti kọ àmì ẹ̀tọ́ sí i nígbà tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Duane Jones, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ni olórí eré rẹ̀.