Ka Ìrìn-Àjò Kí O Tó Ka Gólì

Bí ẹnì kan bá wá bá mi pé òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, irú jẹ́sì tó fẹ́ rán ló máa ń kọ́kọ́ bá mi sọ. Orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló máa ń tẹ̀ lé e. Èmi á ní kí ó jókòó, kí ó mú bébà àti bírò, kí a jọ ka iye ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi ìlú sílẹ̀ láàárín sáà kan. Ibẹ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń wálẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn. A kì í ṣe Shooting Stars, tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976 àti 1992. Àwọn ọmọ tiwa ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́: ọ̀kan ń gẹrun, méjì ń wa Márúwá, aṣọ́lé wa ń ṣe tíṣà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni a ń gbáradì. Tíṣà wa kì í dúró dé òpin, torí agogo iléèwé kò mọ̀ pé líìgì ń lọ.

Ìdajì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nílé, ìdajì lẹ́yìn odi, bí líìgì ṣe rí nìyẹn. Ní NPFL, líìgì tó ga jù ní Nàìjíríà, níbi tí ẹgbẹ́ 20 wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbá 38, ó sì ń rìnrìn-àjò fún 19 nínú wọn. Tiwa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àpò tiwa náà kò jìn tó tiwọn. Ènìyàn 24 ni mo máa ń kó lọ, agbábọ́ọ̀lù, akọ́nimọ̀ọ́gbá, oníṣègùn ẹgbẹ́ àti ẹni tó ń tọ́jú jẹ́sì. Bí wọ́n bá jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó padà dé, àwo oúnjẹ 72 nìyẹn. Ẹ wá fi owó ọkọ̀ àti owó òtẹ́ẹ̀lì lé e, kí ẹ sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lóṣù.

Owó òtẹ́ẹ̀lì yìí ni àwọn alága máa ń fẹ́ kọ́kọ́ gé. Wọ́n á ní, “Akọ̀wé, ṣé a ò lè gbéra ní ìdájí?” A lè gbéra. A ti ṣe é rí. A kúrò ní Ìwó Road ní aago mẹ́rin òru, a forí lé Lọ́kọ́ja, táyà bẹ́ lójú ọ̀nà, ó sì ku ogójì ìṣẹ́jú kí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a wọ pápá. Àwọn ọmọ náà gbìyànjú. Títí di ìṣẹ́jú àádọ́rin, gólì kankan ò wọlé. Lẹ́yìn náà ni iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í fa wọn ní ẹsẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bíi pé ẹnì kan ń pè wọ́n lórúkọ. Mẹ́ta ni wọ́n gbá wọlé wa. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá dànù. Mo wà ní ìpàdé yẹn, n kò sọ̀rọ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Gbogbo ẹni tó mọ líìgì Nàìjíríà ló mọ̀ pé ilé ni ẹgbẹ́ ti ń kó máàkì. Ẹni tó bá gbá ọ̀mì lẹ́yìn odi, ijó ló máa ń jó wọ ọkọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá rí ọ̀mì mẹ́rin tàbí márùn-ún bẹ́ẹ̀ mú wálé, agbára káká ni kó fi já sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, mi ò ka òtẹ́ẹ̀lì sí ìgbádùn. Oorun alẹ́ kan ni mo fi ń ra máàkì yẹn.

Ìlànà tí mo wá ń tẹ̀ lé kò le: owó gbogbo ìrìn-àjò sáà náà á ti wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ kí a tó fún agbábọ́ọ̀lù kankan ní owó ìbuwọ́lùwé. Èmi nìkan kò lè yọ ọ́, alága nìkan kò lè yọ ọ́. A tún ń fi díẹ̀ lé e fún ìgbà tí ọjà bá yí padà. Ní òpin oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó-ìrànwọ́ orí epo, lítà tó wà ní nǹkan bíi ₦190 fò kọjá ₦480 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ná tiwọn tán lórí atamátàsé méjì ṣe wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wá ọkọ̀ ọ̀fẹ́.

Ohun tó kàn ni iye ènìyàn. Agbábọ́ọ̀lù 22 tí ẹ ń san owó fún lóṣooṣù sàn ju 35 tí ẹ ń ṣèlérí fún. Mo rántí ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ọkọ̀ ti dúró, tí àwọn ọmọ sì jókòó sórí gọ́tà, báàgì wọn lẹ́bàá ẹsẹ̀. Balógun ikọ̀ wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, wọ́n ní àwọn ò ní wọkọ̀.” Oṣù méjì ni a jẹ wọ́n. N kò ní owó lọ́wọ́, n kò sì ní irọ́ tuntun. Mo gbé ìwé owó ẹgbẹ́ jáde, mo ṣí i lórí bónẹ́ẹ̀tì, mo ní kí wọ́n wá kà á fúnra wọn. Wọ́n kà á. Ọ̀kan bi mí ìdí tí owó omi fi tó bẹ́ẹ̀, mo ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé. Láti ìgbà náà, mo ń lẹ ìwé yẹn mọ́ ògiri ní ìparí oṣù, a kò sì tún rí irú ọjọ́ Jímọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Fáìlì ìforúkọsílẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ni kí ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ṣáájú ènìyàn. Mo ti gbàgbé tiwa sórí fíríìjì nílé rí. Ẹ má bi mí bó ṣe parí.

Níbo ni owó ti ń wọlé? Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà pápá. Àwọn oníṣòwò àdúgbò ń ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n owó tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kékeré ń sọ nù wà nínú ìwé àwọn ọmọdé. Òfin FIFA ní kí a yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, kí a pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Bí ọmọ kan bá wà lọ́dọ̀ yín ní sáà tó pé ọdún 16, 17 àti 18, tí wọ́n sì tà á ní mílíọ̀nù méjì owó yúrò lẹ́yìn náà, ìpín tiyín jẹ́ yúrò 30,000. Ọkọ̀ sáà mélòó nìyẹn? Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ ọmọ náà wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tó lọ, ni wọ́n ń san án fún. Fọ́tò tí ẹ jọ yà lórí pápá kì í ṣe ẹ̀rí.

Ètò ìdíje sáà tuntun máa tó jáde. Mo ti pe onímọ́tò wa, mo ní kí ó dá iye lé Àkúrẹ́ àti Ìlọrin fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ilé epo.”