Ṣé abẹ ló ń bí kókó orí nínú?

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo ti ń gẹrun l'Adó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ kan kókó lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá ní òun mọ bàbá kan tí wọ́n gé kókó àtàrí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì hù padà lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ má fi abẹ kàn án! Inú ló máa ń bí i." Gbogbo ilé mi orí. Ìyá alákàrà ẹnu ọ̀nà fi kún un pé kì í ṣojú lásán.

N ò bá wọn jà, ohun tójú wọn rí ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n kókó ò ní inú tí yóò bí.

Ọ̀kan wà nínú kókó awọ tó máa ń ṣe báyìí. Orúkọ rẹ̀ gùn bí ọ̀nà oko: dermatofibrosarcoma protuberans. Jẹjẹrẹ awọ ni, kò sì wọ́pọ̀. L'Amẹ́ríkà, nǹkan bí èèyàn 4 nínú mílíọ̀nù kan ló ń mú lọ́dún. Ara àyà àti ẹ̀yìn ló ti ń yọ jù, ó sì máa ń yọ lórí àti lọ́rùn. Kì í tètè dàgbà, kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ó sì lè jọ àpá tó wú.

Abẹ́ awọ ni wàhálà wà. Ẹni tó bá ti roko l'Ékìtì mọ koríko tó ń fi gbòǹgbò rìn lábẹ́ ilẹ̀: o ro ó, ojú oko mọ́, òjò kan rọ̀, ó ti yọ níbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni kókó yìí ṣe ń na ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá ibi tójú rí. Ẹni tó gé kìkì ohun tó wú, orí koríko ló bẹ́. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ abẹ fi máa ń gé bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 mọ́ ọn yíká. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ara ni kókó wà, èyí ṣeé ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ńkọ́? Ta ní fẹ́ pàdánù ìpéǹpéjú? Wọ́n á ṣọ́ abẹ lò, nǹkan á ṣẹ́kù, kókó á padà. Àwọn kan ń gé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń yẹ etí ibi tí wọ́n gé wò lábẹ́ maikirosíkóòpù títí yóò fi mọ́. Èyí tí abẹ ò bá ká, oògùn oníhóró imatinib wà, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún un lọ́dún 2006. Kókó yìí kì í sábà ràn dé ẹ̀dọ̀fóró, àmọ́ bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè jẹ wọ inú ẹran títí dé egungun.

Mo bi ọ̀gá bóyá wọ́n fi ẹran tí wọ́n gé lára bàbá ṣàyẹ̀wò. Ó pa ẹ̀rọ ìgẹrun. "Wọ́n ní wọ́n dà á nù ni." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á pe ọmọ bàbá náà lálẹ́.